Ìdúpẹ́ Àárọ̀ Ọjọ́ Kejì

Ewúrẹ́ náà ti tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì òtẹ́ẹ̀lì kí ẹ̀rù tó bà mí. Kì í ṣe ìtọ̀ ewúrẹ́ ló dẹ́rù bà mí. A rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, obìnrin òyìnbó tí a mú ewúrẹ́ wá fún pàápàá rẹ́rìn-ín. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni gbólóhùn kan tí Bàbá sọ lẹ́yìn ẹ̀rín náà, tí gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ mi pé kí n fi Faransé sọ ọ́.

Bàbá ni àgbà àwọn bíríkìlà ilẹ̀ wa ní Lalala, àdúgbò kan ní Libreville. Ó dúró ṣinṣin lórí kápẹ́ẹ̀tì náà, ó fi ọwọ́ kan di okùn ewúrẹ́ mú, ó fi ìkejì di fìlà rẹ̀ mú láyà.

"Ìyàwó," ó ní, bí àgbà ṣe ń pe ìyàwó ọmọ ilé, "sọ fún màdáámù pé àwa kì í ṣe aláìmoore. Kó bi Mùsé tó jókòó tì í yìí léèrè. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ omi yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí oore kan tí Mùsé ṣe fún wa tí a kò fi nǹkan lọ dúpẹ́ nílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì."

Mùsé, bí a ṣe ń fi Faransé pe ọ̀gá ará Gabon náà, kò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ "Mùsé" lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rí i pé ẹnu mi kò ṣí. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wò mí bí alápatà ṣe ń wo ẹran.

"Kí ni bàbá sọ?" obìnrin òyìnbó náà bi mí.

"Ó ní a dúpẹ́, màdáámù."

"Ọ̀rọ̀ gígùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá gé e kúrú báyìí? Aránṣọ ni yín lóòótọ́." Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wàhálà ti dé. Bí mo bá sọ ohun tí Bàbá sọ, Mùsé á lé mi kúrò ní Gabon. Bí n kò bá sọ ọ́, obìnrin tó ń wò mí yìí mọ̀ pé ohun kan wà ní abẹ́ ahọ́n mi.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà láàyè, èmi náà sì ṣì fẹ́ wà láàyè. Aránṣọ ni mí. Ìwé tí mo kà kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nílé, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dahomey. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa kì í fi Faransé ṣeré, pàṣán rẹ̀ sì gùn, nítorí náà ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́, ó dá ṣáká. Nígbà tí mo tẹ̀lé ọkọ mi dé Libreville, ẹnu mi ni àwọn ará wa ń gbà bá ìjọba sọ̀rọ̀. Wẹ́dà ni ọkọ mi. Port-Gentil ló wà, lọ́dọ̀ àwọn tí ń fa epo láti inú òkun, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wá wò wá. Èmi àti àwọn ọmọ wà ní Lalala nínú yàrá kan tí maṣíìnì mi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Gabon ni mo bí àwọn ọmọ náà sí. Faransé ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà.

Àwọn ọdún yẹn ni epo ń da owó sí ìlú náà bí òjò. Wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n ń kọ́ ilé alájà púpọ̀ sétí òkun, ìyàwó àwọn olówó ń rán aṣọ tuntun sí gbogbo ayẹyẹ, èmi náà sì ń rí iṣẹ́ ṣe. Epo ń ṣàn, owó ń ṣàn. Omi nìkan ni kò ṣàn ní Lalala. Àwọn ará wa tí wọ́n ń fi omi dáadáa po sìmẹ́ńtì fún òtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, omi tí wọ́n fi ìkòkò gbà lábẹ́ páànù ni wọ́n ń fi wẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí òjò bá dá, omi kòtò ni. Ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa, ẹni tó bá fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ gbé omi tirẹ̀ lọ. Mo ti rí obìnrin tí ọmọ ti ń yọ orí lára rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń sáré kiri pẹ̀lú garawa.

Ìgbà yẹn ni Mùsé wá. Òun ni olórí ẹgbẹ́ kan ní ìlú náà, ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn ńlá tí ń pàdé jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì máa ń fi àmì kékeré kan há àyà kóòtù wọn. Irú ẹgbẹ́ náà wà káàkiri ayé. Èyí tó wà ní ìlú olówó lè bá èyí tó wà ní ìlú tí ìyà wà da owó pọ̀, kí wọ́n fi gbẹ́ kànga, kí wọ́n fi ra ibùsùn ilé ìwòsàn. N kò ní purọ́ mọ́ wọn, ohun rere ni. Omi tí wọ́n fún wa, mo mu nínú rẹ̀.

Abẹ́ àtíbàbà tí àwọn bíríkìlà ń kó irinṣẹ́ sí ni Mùsé ti ka òfin ẹgbẹ́ náà fún wa. Òun ń kà á ní Faransé, èmi ń sọ ọ́ ní Yorùbá, òǹgbẹ sì ń gbẹ wá. Ó ní ẹgbẹ́ kan nínú ìlú àti ẹgbẹ́ kan lókè òkun gbọ́dọ̀ jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Ó ní àwọn tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni yóò fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọn kò gbọdọ̀ yan án fún wọn. Àwa náà gbọ́dọ̀ dá tiwa sí i, bí kò bá jẹ́ owó, kó jẹ́ agbára. Owó kò ní wá lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n á fi apá kan ṣiṣẹ́, ẹni kan á ti òkè òkun wá wò ó, kí apá kejì tó jáde. Bí iṣẹ́ bá parí, ti àdúgbò ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ó ka èyí tó jẹ́ olórí gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, àna rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ èrè kankan lórí iṣẹ́ náà.

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi kà á. Kò kọ́sẹ̀.

"Òfin dáadáa ni," Bàbá wí. "Ó dà bí òfin ilé wa."

Wọ́n ní kí a sọ ohun tí a fẹ́. A ní omi ni: ẹ̀rọ kan láàárín àdúgbò, páìpù kan dé ilé ìwòsàn. Mùsé kọ ọ́ sílẹ̀, ó bọ̀ wá lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ tó tutù nínú, ó lọ.

Ẹni tí wọ́n bí nílé wa kò nílò kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ènìyàn bá ṣe ọ́ lóore lónìí, bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, wàá jí lọ sílé rẹ̀ lọ kí i pé o ṣeun àná. Bí oore náà bá tóbi, o kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Bàbá ti dé fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, àkùkọ wà ní abíyá rẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "òfin tí wọ́n kà lánàá ńkọ́?"

"Òfin èwo?"

"Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ èrè."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. "Ìyàwó, ìdúpẹ́ kì í ṣe èrè. Èrè lohun tí ènìyàn ń bèèrè. Ta ló bèèrè àkùkọ?"

A gbé àkùkọ àti iṣu lọ. Ẹnu ya Mùsé nígbà tó rí wa lẹ́nu géètì rẹ̀. Ó ní kí ni èyí. Mo ṣàlàyé fún un pé bí a ṣe ń ṣe nílé nìyí, pé a kì í jẹ́ kí oore sùn mọ́jú láìdúpẹ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbọ́. Ó ní kí n tún un sọ.

"Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe yín lóore?" ó bi mí.

"Gbogbo ìgbà, Mùsé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó pe awakọ̀ rẹ̀ kó gbé àkùkọ lọ sẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà, oore wá ń já wẹ́wẹ́. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ omi kan ṣoṣo ni a mọ̀. Mùsé wá sọ ọ́ di oore púpọ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé: oore kan. Àwọn tó fẹ́ wọn ilẹ̀ dé: òmíràn. Páìpù gúnlẹ̀ sí èbúté: òmíràn. Bí ọjọ́ kejì bá wá kọjá tí a kò yọjú, awakọ̀ rẹ̀ á dé, á jókòó sínú ọkọ̀, á na orí síta.

"Patron, ọ̀gá mi, ní ṣé ẹ ti gbàgbé àṣà yín ni?"

Mùsé ń kọ́ ilé nígbà náà ní ọ̀nà Akanda, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Àwọn bíríkìlà wa lọ fi ọjọ́ ìsinmi wọn to búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Ìdúpẹ́ ni. Obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń yan ẹja ní òdìkejì ọ̀nà mi, ń di ẹja fún ilé Mùsé ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì. Ìdúpẹ́ ni. Èmi rán aṣọ ìyàwó rẹ̀, mo rán ti àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó rẹ̀, mo rán kọ́tìnnì gbogbo fèrèsé ilé Akanda náà. Síbẹ̀ inú Bàbá ń dùn. Ó ní ẹni ńlá tó ń jẹ́ kí àwa kékeré dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, onírẹ̀lẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà, mo wà níbẹ̀, mo wà lórí àkàbà, mò ń ká etí kọ́tìnnì kan tó gùn jù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ tàwọn ti àmì láyà, wọ́n ń jẹ ẹja Ẹ̀gbọ́n mi. Mùsé ń sọ fún wọn pé, "Àwọn ará Lalala yìí fẹ́ràn mi ju bó ti yẹ lọ. Mo ní kí wọ́n má gbé nǹkan wá mọ́, wọn kò gbọ́. Àwọn ni wọ́n fi tipátipá to ilé yìí fún mi." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan nínú wọn, tí òróró ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ní, "Bá mi wá àdúgbò kan tí kò lómi." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó fa kọ́tìnnì tí mò ń rán lọ́wọ́, ó fi nu ìka. Kò gbójú sókè wo ẹni tó di apá kejì rẹ̀ mú. Gbogbo wọn ló gbọ́ òfin ju àwa lọ. Àwọn ló ni ín.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ omi dé. Omi tú jáde láàárín Lalala, àwọn ọmọdé sì bọ́ aṣọ. Ó ku páìpù tó máa dé ilé ìwòsàn, owó rẹ̀ wà lára apá kejì tí yóò jáde lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ẹgbẹ́ òkè òkun wá rán obìnrin yẹn. Agbẹ̀bí ni tẹ́lẹ̀ nílùú rẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń gbọ́ Faransé. Ó wo ẹ̀rọ, ó mu omi níbẹ̀, ó dì mọ́ àwọn obìnrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ta ni yóò dá Bàbá dúró? A mú ewúrẹ́ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì.

Obìnrin náà kò gbà á. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún wa pé òfin kò jẹ́ kí ẹni tó wá ràn wá lọ́wọ́ gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa, ìbáà ṣe ẹyin adìyẹ. Mùsé fò dìde.

"Mo ti sọ fún wọn! Ẹnu mi ti bó! Màdáámù, ẹ mọ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ẹ kó ẹran yín jáde!"

Bí a ṣe ń fa ewúrẹ́ lọ, fìlà Bàbá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá kọ ìdúpẹ́ rẹ, inú rẹ̀ kò dùn sí ọ nìyẹn. Ó wá bi mí lọ́nà pé, "Ìyàwó, ṣé o bá mi sọ ọ̀rọ̀ mi dáadáa?"

Mo gba okùn ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣíwájú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Mùsé fúnra rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Kò jókòó. Ó ní kí ni arúgbó yẹn sọ. Mo ní ó dúpẹ́. Ó ní, "O gbọ́n. Máa gbọ́n bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ó bèèrè séjúù mi, bí a ṣe ń pe káàdì tí àlejò fi ń gbé ìlú náà. Ó ní òun ní àbúrò kan níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, òun fẹ́ bá mi mú un lọ kó má baà kú. Mo ní kò tíì fẹ́ kú. Ó na ọwọ́, kò sì fà á padà. Ọkọ mi wà lórí òkun. Mo lọ mú un wá.

"Tí ẹnu rẹ bá yà," ó ní, "ọkọ̀ òkun ló máa gbé ọ lọ. Àwọn ọmọ tó o bí síbí, wọ́n á mọ bí wọn yóò ṣe ṣe ara wọn." Ó sì fi séjúù mi sínú àpò àyà rẹ̀, lẹ́yìn àmì ẹgbẹ́ náà gan-an.

Ẹni tí kò tíì gbé ìlú onílùú láìní káàdì rí kò lè mọ bí ọ̀nà ṣe ń kúrú. Àdúgbò Sotega tí mo máa ń rìn lọ gbé aṣọ fún oníbàárà di ibi tí n kò lè dé mọ́, nítorí àwọn ọlọ́pàá máa ń dúró ní oríta. Aṣọ tí mo rán kọ́ sára ògiri, ẹni tó ni ín ń ránṣẹ́ èébú. Bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá, màá fi maṣíìnì sílẹ̀, màá bọ́ sẹ́yìn ilé. Àwọn ọmọ mi rò pé inú ń run mí.

"Aránṣọ," Ẹ̀gbọ́n mi ẹlẹ́ja á pariwo láti òdìkejì, "jáde wá o! Ọkọ̀ iyanrìn ni. Àbí àwọn oníyanrìn náà ti ń bèèrè séjúù ni?"

Ó ń fi mí ṣeré kí n lè mí. Òun nìkan ló mọ̀.

Ní àárọ̀ kan, obìnrin òyìnbó náà dé sí ẹ̀rọ omi. Òun nìkan, láìsí Mùsé, láìsí awakọ̀ ẹgbẹ́. Ó ní òfin sọ pé kí òun gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń mu omi náà nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ kan kò sí níbẹ̀. Ó wá jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà mi ń jókòó sí. Àwọn obìnrin tó wá pọnmi yí wa ká, Bàbá náà jáde wá láti abẹ́ àtíbàbà.

"Mo fẹ́ bi yín ní ohun kan," obìnrin náà wí. "Olórí ẹgbẹ́ ní ẹ fẹ́ fi ewúrẹ́ dí mi lójú ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń ṣe, pé ẹ ti gbìyànjú lọ́dọ̀ òun náà, òun kò gbà. Bó bá jẹ́ òótọ́, n kò lè jẹ́ kí apá kejì jáde. Páìpù ilé ìwòsàn á dúró."

Mo rò pé mo ti kórìíra ọkùnrin yẹn tán kí n tó gbọ́ èyí. N kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ àkùkọ, ó jẹ iṣu, ó jẹ òógùn àwọn ọkùnrin wa títí ó fi dilé, ó wá pọ̀ ọ́ sórí Bàbá. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ maṣíìnì lọ, aṣọ kò sí lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo mú ẹsẹ̀ kúrò.

"Màdáámù," mo ní, "ẹ bi mí níjọ́sí nípa ohun tí Bàbá sọ. Ó ní kí ẹ bi Mùsé léèrè, pé kò sí oore kan tó ṣe fún wa tí a kò fi nǹkan lọ dúpẹ́ nílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì."

Ó gbé àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nǹkan bíi kí ni?"

Mo kàn yí ìbéèrè náà sí Yorùbá fún àwọn tó yí wa ká. Ọlọ́run gbọ́, wọ́n rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá a mọ oore ni! Ojú Bàbá là. Ó ní, "Sọ fún un, àkùkọ tí a kọ́kọ́ gbé lọ, òun ló tóbi jù ní Lalala." Bíríkìlà kan ní òun ló to ìgànná ilé Akanda láti ìpìlẹ̀ dókè, kó lọ wò ó bóyá ó wọ́. Òmíràn ní irọ́ ni, òun ló to apá iwájú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí i.

"Ẹja mi ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi wí, ó fi Faransé ọjà sọ ọ́ fúnra rẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì kan kò yẹ̀ lórí mi. Ẹ wo ẹnu Mùsé, ẹ wo bó ṣe ń dán. Ẹja mi ni!"

Wọ́n ń yangàn, èmi ń túmọ̀. Ojú obìnrin náà ń pọ́n sí i. Nígbà tó dìde, ó bọ Bàbá lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ sọ fún un pé kò ṣe ohun tó burú." Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó mọ̀ pé ẹnì kan rò pé òun ṣe ohun tó burú. Mo wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un lábẹ́ àtíbàbà. Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì.

"A ń dúpẹ́," ó ní, "ọkùnrin yẹn ń gba owó ibodè."

Ìyà wo ni ẹgbẹ́ náà fi jẹ Mùsé? Wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Wọ́n se àsè fún un, wọ́n yìn ín, ó fi ipò olórí sílẹ̀ nítorí àìlera. Àwọn tó jẹ ẹja ní Akanda náà ló pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin olóròóró àgbọ̀n wà lára wọn. Mo mọ̀ nítorí pé èmi ni mo rán aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ wọ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò wá sí Lalala láti sọ pé ẹ má bínú. Séjúù mi ṣì wà lọ́wọ́ Mùsé. Awakọ̀ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní Patron ní òun mọ ẹni tó sọ̀rọ̀, kí n máa retí. Mo ń retí. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, màá kọ́kọ́ bojú wo ihò kí n tó dáhùn.

Ẹgbẹ́ òkè òkun kò gbà kí apá kejì gba ọwọ́ ẹni àtijọ́ kọjá. Ẹni tuntun ni wọ́n fi ṣolórí, obìnrin apòògùn kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Páìpù dé ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fa iṣẹ́ náà lé àdúgbò lọ́wọ́, apòògùn náà dúró láàárín wa, ó sì ka ohun tí òfin ní kó bèèrè kí wọ́n tó lè ti iṣẹ́ náà pa. Ṣé omi ń ṣàn? A ní ó ń ṣàn. Ṣé a ti yan àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀? A ti yàn wọ́n. Ṣé ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sùn kan tó kù lórí iṣẹ́ yìí?

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé ó ti tán. Àwọn alámì àyà ti ń wo ibi tí oúnjẹ wà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà. Mo rò ó pé bí n kò bá sọ ọ́ níbi tí òfin ti ní kí wọ́n bèèrè, ibòmíràn kò tún sí.

"Ó kù," mo ní. Ohùn mi kéré gan-an. "Séjúù mi wà lọ́wọ́ olórí yín àtijọ́. Kò tíì dá a padà."

Apòògùn náà yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń wo bàtà rẹ̀. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí kò tíì parí nìyẹn." Kò sí ẹni tó jẹun lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ sí i, ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọkọ̀ tutù yẹn dúró níwájú maṣíìnì mi. Awakọ̀ na séjúù mi sí mi láti ojú fèrèsé. Mo gbà á, mo yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn. Èmi ni mo wà nínú àwòrán náà. Awakọ̀ kò lọ.

"Patron ní kí n sọ fún yín pé òun ti ṣe yín lóore," ó ní. "Ó ní ẹ̀yin lẹ ní àṣà."

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn láti ìdí ẹja rẹ̀:

"Sọ fún un pé ewúrẹ́ náà ti bímọ! Ó ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́, kò ráyè jáde!"

Awakọ̀ náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà á lẹ́nu. Ó fi ọkọ̀ sí jíà, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ti dé fìlà.

"Ìyàwó," ó ní, "ó dá a padà lánàá, àbí?"

"Ó dá a padà, Bàbá."

"Ṣé a ò wá ní lọ síbì kan láàárọ̀ yìí?"

"A ò lọ síbì kan."

Ó wo ọ̀nà. Ó wá ṣí fìlà rẹ̀, ó ká a, ó fi sínú àpò, ó lọ po sìmẹ́ńtì.

Èmi mú aṣọ tó ti kọ́ sára ògiri láti ìgbà pípẹ́, mo gbọn eruku rẹ̀, mo ká a sínú báàgì. Mo fi séjúù sáyà. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi kọjá, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn, mo ń lọ sí Sotega. Ní oríta, ọlọ́pàá kan gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n mú séjúù wá. Ó wò ó, ó wò mí, ó dá a padà, ó ń yán.

"Máa lọ, màdáámù," ó ní.